Ẹ̀rọ tí ń rún pàǹtí oko: ìbéèrè tí àwọn àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ irin ń bi mí ní Ògbómọ̀ṣọ́

Mo ní ṣọ́ọ̀bù irin ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ ni mo kọ́kọ́ ń ṣe, lẹ́yìn náà ni mo ń ṣe èyí tí ń yọ hóró àgbàdo kúrò lára kùùkù. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi ń wo òkìtì tó ń ga sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí lójoojúmọ́, tí ẹnikẹ́ni kì í bi í pé kí ló fẹ́ dà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rọ ẹ̀rọ tí ń rún pàǹtí oko. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí lórí fóònù àti lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Mo kọ wọ́n síbí kí ẹni tó bá nílò wọn lè rí wọn kà.

Kí lẹ ń pè ní pàǹtí oko gan-an?

Gbogbo ohun tó kù nílẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti kó èrè oko lọ: pòròpórò, háhá àti kùùkù àgbàdo, èèpo ẹ̀gẹ́, imọ̀ ọ̀pẹ, igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ti gé ìdì rẹ̀, ẹ̀ka kajú àti ti máńgòrò tí a gé kúrò. Oríkì ìlú wa sọ pé à ń jẹ ọkà kí a tó mu ẹ̀kọ yangan. Èèpo ló sì ń gbẹ̀yìn ọkà, kùùkù ló ń gbẹ̀yìn yangan. Bí oúnjẹ wa ṣe pọ̀ tó ni pàǹtí rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Baba mi máa ń dáná sun ún. Kí ló burú nínú ìyẹn?

Òótọ́ ni pé àwọn baba wa sun oko, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó di igbó fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó padà sídìí rẹ̀. Àwa kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ tí a kórè lọ́dún yìí náà la ó tún gbìn lọ́dún tó ń bọ̀.

Bí iná bá mú pòròpórò, èyí tó pọ̀ jù nínú náítírójìn rẹ̀ ló ń bá èéfín lọ. Eérú tó ṣẹ́kù ṣì ní pọ́tásíọ̀mù nínú, àmọ́ bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ bí ọ̀gbàrá, odò ló ń gbé e lọ. Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé ilẹ̀ wa ní yanrìn púpọ̀. Ilẹ̀ oníyanrìn kò lè gbá omi mú bí kò bá sí ohun tó ti jẹrà nínú rẹ̀. Ohun tí ì bá jẹrà fún un gan-an la ń sun. Nígbà tí ọ̀dá ọ̀sẹ̀ méjì bá wá dé láàárín òjò, àgbàdo oko tí wọ́n ń sun lọ́dọọdún ló máa kọ́kọ́ ká ewé.

Ti ọyẹ́ tún wà níbẹ̀. Mo ti rí oko kajú tó jóná kanlẹ̀ torí iná tí ẹlòmíràn fi sí pòròpórò tirẹ̀ lódìkejì odò. Igi tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ tọ́ jóná kí oòrùn tó wọ̀.

Mo fẹ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí yóò rún gbogbo nǹkan. Ṣé ó wà?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi mí jù, òun náà sì ni mo máa ń fi sùúrù dáhùn jù. Oníbàárà á na fóònù sí mi, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, irú eléyìí ni kí ẹ bá mi ṣe.” Mi ò kì í wo àwòrán náà. Mo máa ń ní kó mú mi lọ wo òkìtì tó wà lóko rẹ̀. Pàǹtí ló ń sọ bí ẹ̀rọ yóò ṣe rí.

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí mo ṣe, òòlù ni mo fi sí i nínú. Ó ń fọ́ kùùkù àgbàdo bí ẹni ń rún kókóró gbígbẹ. Oníbàárà kan wá gbé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù wá, inú mi dùn, mo ní kó jù ú sí i. Kí n tó ka ogún, fọ́nrán ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti wé mọ́ ṣáfútù, ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ, bí òwú ṣe ń wé mọ́ ìrànwú. Bẹ́líìtì ń yọ̀, èéfín ń rú, ẹ́ńjìnnì kú. Ọjọ́ kejì la tó fi ọ̀bẹ tú u tán. Nígbà yẹn ni mo mọ̀ pé ohun tó gbẹ tó sì ń ṣẹ́ pẹ̀ẹ́ yàtọ̀ sí ohun tó rọ̀ tó sì ní fọ́nrán.

Ohun gbígbẹ bíi kùùkù àti háhá, òòlù ló yẹ ẹ́: irin pẹlẹbẹ tó ń fì lára ṣáfútù, tó ń gbá nǹkan títí yóò fi fọ́ gba ojú asẹ́ kọjá. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń fẹ́ ọ̀bẹ mímú, nítorí ohun tó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún nínú rẹ̀ jẹ́ omi, fọ́nrán ló sì di ìyókù mú. Bí ẹ bá gbá a, ẹ kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni, fọ́nrán rẹ̀ kò ní já. Imọ̀ ọ̀pẹ àti ẹ̀ka igi tún jẹ́ ọ̀tọ̀. Ọ̀bẹ wọn kì í pọ̀, méjì sí mẹ́rin tó, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ nípọn, kí ọ̀bẹ mìíràn tí kì í yí sì wà lára àpótí ẹ̀rọ tí wọn yóò jọ pàdé. Ẹ wo àlùmọ́gàjí aránṣọ. Bí ẹ bá fi ojú kan rẹ̀ gé aṣọ, yóò kàn ká a ni. Ojú méjèèjì ló ń gé e. Àlàfo àárín ọ̀bẹ tó ń yí àti èyí tó dúró, èmi kì í jẹ́ kó ju mìlímítà 2 lọ.

Ẹni tó bá ní pòròpórò nìkan lè ní ẹ̀rọ tó ní ọ̀bẹ níwájú àti òòlù lẹ́yìn. Ọ̀bẹ á gé e kúrú, òòlù á fọ́ ọ. Ìyẹn ló súnmọ́ “ẹ̀rọ gbogbo nǹkan” jù nínú ohun tí mo lè ṣe, ṣùgbọ́n kì í gba ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Kí ni kí n mú dání kí n tó wá bá oníṣẹ́ irin?

Ẹ mú àpò pàǹtí náà kan wá, tútù tàbí gbígbẹ, bó ṣe máa rí lọ́jọ́ tí ẹ ó rún un. Ẹ sọ iye àpò tí ẹ fẹ́ rún láàárọ̀ kan, ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe, àti ẹ́ńjìnnì tí ẹ ti ní nílé. Bí ẹ bá ní ẹ́ńjìnnì, ó dín owó iṣẹ́ kù gan-an.

Báwo ni mo ṣe máa mọ eré tí ẹ̀rọ ń sá?

Ìṣirò rẹ̀ kò ju èyí tí wọ́n kọ́ wa ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹ mú iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ẹ fi fífẹ̀ púlì ẹ́ńjìnnì (irin róbótó tí bẹ́líìtì ń wé mọ́) sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi fífẹ̀ púlì ẹ̀rọ pín in.

Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù kékeré tó ń yí ìgbà 3,600, bí púlì rẹ̀ bá jẹ́ ínṣì 3 tí ti ẹ̀rọ jẹ́ ínṣì 6, ṣáfútù yóò máa yí ìgbà 1,800. Lister àtijọ́ tó ń lọ ata àti èlùbọ́ lábúlé yàtọ̀ pátápátá. Èyí tó ní agbára ẹṣin 6 ń yí ìgbà 650 péré. Fún un, púlì ńlá ló máa wà lára ẹ́ńjìnnì, kékeré lára ẹ̀rọ. Ínṣì 12 sí ínṣì 5 yóò fún yín ní 1,560. Mo ti rí ẹni tó yí méjèèjì padà fún ara wọn, tó wá ń bú ọ̀bẹ pé kò mú.

Ẹ má sì gbàgbé pé ẹnu ọ̀bẹ ló ń gé, kì í ṣe àárín ṣáfútù. Bí ọ̀bẹ bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40 láti ẹnu kan dé èkejì, tó ń yí ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, ẹnu rẹ̀ ń sá nǹkan bíi mítà 31 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ju kìlómítà 110 lọ ní wákàtí kan, bí ọkọ̀ tó ń sáré burúkú lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá dé ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ ìka ọwọ́ nísàlẹ̀. Òòlù tún ń fẹ́ eré ju ọ̀bẹ lọ, nítorí kò mú. Agbára ìkọlù ló fi ń ṣiṣẹ́.

Irin wo ni kí n fi ṣe ọ̀bẹ?

Sípíríǹgì ọkọ̀ ńlá, èyí tó pẹlẹbẹ. Irin lásán tí a fi ń ṣe gééètì kò ní kábọ̀n tó. Kì í sábà ju ìdá 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bó ti wù kí ẹ pọ́n ọn tó, yóò kú kí ọjọ́ tó rọ̀. Sípíríǹgì ní tó nǹkan bí ìdá 0.6, ìyẹn ló jẹ́ kí iná lè sọ ọ́ di líle.

Ọwọ́ tí ẹ bá fi mú iná ló kù. Ẹ kọ́kọ́ fi sípíríǹgì sínú iná títí yóò fi pọ́n, kí ẹ rì í mọ́ inú eérú kó tutù fúnra rẹ̀ mọ́jú. Yóò rọ̀, ẹ ó lè lu ihò sí i, ẹ ó sì lè pọ́n ẹnu rẹ̀. Mo máa ń pọ́n ọn sí igun tó tó ìwọ̀n 30 sí 35. Bó bá tín-ín-rín jù, ẹnu rẹ̀ á máa ká. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dá a padà sínú iná. Ẹ fi irin òòfà kàn án. Ní nǹkan bí ìwọ̀n Sẹ́sííọ̀sì 770, òòfà kò ní lè fà á mọ́. Ẹ jẹ́ kó gbóná díẹ̀ sí i, kí ẹ wá rì í sínú epo ẹ́ńjìnnì. Ẹ má fi omi ṣe é. Sípíríǹgì tí a rì sínú omi máa ń là.

Ẹ̀gbẹ́ ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wẹ́dà ti ń dúró, ibẹ̀ náà ni jàǹbá sì wà. Irin tó jáde látinú epo le bí ìgò, ó sì lè fọ́ bí ìgò. Bó bá pàdé òkúta nínú ẹ̀rọ, yóò fò síta. Ẹ fá ojú rẹ̀ kó dán, kí ẹ tún gbé e sórí iná kékeré, kí ẹ máa wo àwọ̀ rẹ̀. Nígbà tó bá dà bí oyin tó ti dúdú díẹ̀, ẹ gbé e kúrò. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti mọ iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí àwọn tó ń jórin lónìí. Ní Ọ̀yọ́, alágbẹ̀dẹ àgbà kan ló kọ́ mi ní wíwo àwọ̀ irin, n kò sì rí ìwé kankan tó ṣe àlàyé rẹ̀ fún mi jù ú lọ.

Bóòtù ni kí ẹ fi de ọ̀bẹ mọ́ ṣáfútù. Ẹ má jó o mọ́ ọn. Ọ̀bẹ tí a bá jó mọ́ ṣáfútù, iná wẹ́dìn ti ba líle rẹ̀ jẹ́, ẹ kò sì ní lè tú u pọ́n.

Ẹ̀rọ mi ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Kí ló fà á?

Ọ̀bẹ tó wà lápá kan wúwo ju ti òdìkejì lọ ni. Ẹ tú gbogbo rẹ̀, kí ẹ wọ̀n wọ́n lórí òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ta góòlù ń lò bí ẹ bá rí i yá, kí àwọn tó bára wọn mu kọjú síra. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ṣáfútù sórí irin méjì tó tẹ́jú, kí ẹ fọwọ́ yí i díẹ̀. Apá tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà gbogbo ni apá tó wúwo. Ẹ fá lára rẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bíárìn tí ṣáfútù ń yí nínú rẹ̀ yóò jẹ, bóòtù yóò tú, àpótí yóò sì là lójú ibi tí ẹ jó.

Báwo ló ṣe yẹ kó kúnná tó?

Ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe ló máa sọ. Fún ajílẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 2 sí 5 dára. Bó bá kúnná jù, yóò lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀bà, atẹ́gùn kò ní wọ inú rẹ̀, yóò sì máa rùn. Ti oúnjẹ ewúrẹ́ àti èyí tí a ń gbin olú sí kò jìnnà sí èyí. Ti èédú nìkan ló gbọ́dọ̀ kúnná bí gaàrí. Asẹ́ mẹ́ta ni mo máa ń ṣe tẹ̀lé ẹ̀rọ kan, kí oníbàárà lè máa pààrọ̀ wọn.

Ṣé ó léwu?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ já orí ìka méjì lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ mi kan nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Pòròpórò há, ó sì na ọwọ́ sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú ṣùgbọ́n tí ṣáfútù ṣì ń yí. Èmi ni mo ṣe ẹnu ẹ̀rọ náà kúrú. Ẹ̀bi mi ni, n kò sì fi í pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.

Láti ọjọ́ náà, ẹnu ẹ̀rọ mi máa ń gùn ju apá àgbàlagbà lọ, kí ọwọ́ má lè dé ìdí ọ̀bẹ bó ti wù kó na tó. Mo máa ń fi rọ́bà táyà ṣe aṣọ ìkélé sí i lẹ́nu, kí ohun tó bá ń ta padà má kan ojú èèyàn. Igi la fi ń ti pàǹtí, a kì í fọwọ́ tì í. Bó bá há, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ dúró títí ohun gbogbo yóò fi dákẹ́ pátápátá, ẹ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì, kí ẹ tó ṣí i. Kí ẹni tó ń fi nǹkan sí i má wọ bùbá fífẹ̀, kó má kọ́ ìborùn sọ́rùn. Ẹ ṣa òkúta àti ìṣó kúrò nínú pàǹtí. Ẹ bo imú, nítorí eruku háhá gbígbẹ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Àwọn oníbàárà kan máa ń bẹ̀ mí pé kí n yọ ìbòrí bẹ́líìtì kúrò kí owó lè wálẹ̀. N kò ní ṣe é.

Ṣé mo lè fún ewúrẹ́ ní èèpo ẹ̀gẹ́ tí mo bá rún?

Ẹ lè fún un, ṣùgbọ́n ẹ má fún un ní tútù. Májèlé sáyánáìdì wà nínú èèpo ẹ̀gẹ́, pàápàá nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò. Bí ẹ bá rún un, májèlé náà á rọrùn láti jáde, gbígbẹ ló sì ń mú un lọ. Tí ẹ bá sá èèpo tí ẹ kò rún, ó máa ń tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó gbẹ, ní àsìkò òjò sì rèé, yóò ti hu èéfú. Èéfú yẹn náà jẹ́ májèlé.

Ní Ìbàdàn, àwọn olùṣèwádìí ILRI (iléeṣẹ́ àgbáyé tó ń ṣèwádìí ẹran ọ̀sìn) àti IITA (èyí tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru) ti fi ọ̀nà kan hàn tí mo fẹ́ràn gan-an: ẹ rin èèpo, ẹ tẹ omi rẹ̀ jáde bí ẹni ń tẹ gaàrí, ẹ kù ú, kí ẹ wá sá a. Tọ́ọ̀nù èèpo tútù 3 ń fún èèyàn ní nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1 oúnjẹ ẹran gbígbẹ. Àwọn ìyá tó ń ṣe gaàrí ní Ajáàwá àti Ìrẹ̀sà ti ní ẹ̀rọ ìrin àti ẹ̀rọ ìtẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò kù ju kí wọ́n ya àkókò kan sọ́tọ̀ fún èèpo.

Ti pòròpórò ńkọ́? Ẹran mi kì í jẹ ẹ́ tán.

Gígé rẹ̀ kúrú yóò jẹ́ kí wọ́n jẹ púpọ̀ sí i, nítorí wọn kò ní lè máa ṣa ewé nìkan jẹ. Bí ẹ bá fẹ́ kó tún ṣara lóore, ẹ po yúríà kílò 4 mọ́ omi, ẹ wọ́n ọn sórí kílò 100 pòròpórò gbígbẹ, ẹ dì í pa nínú ọ̀rá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ ṣí i kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i kí ẹ tó fún wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹran mu omi yúríà náà rárá. Yóò pa á.

Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ di ajílẹ̀?

Pòròpórò ní kábọ̀n púpọ̀ ju náítírójìn lọ, ó tó nǹkan bí 60 sí 1. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú un jẹrà ń fẹ́ 25 sí 30 sí 1. Ìgbẹ́ adìẹ, tí tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 10 sí 1, ló máa bá a dọ́gba. Agbọ̀n mẹ́ta pòròpórò rírún sí agbọ̀n kan ìgbẹ́ adìẹ ni èmi fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi omi sí i títí tí ẹ bá fún un lọ́wọ́, kó kán lẹ́ẹ̀kan méjì, kó má ṣàn.

Kí òkìtì náà ga tó mítà kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní gbóná. Ẹ ki àdá bọ àárín rẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ kò lè di irin rẹ̀ mú pẹ́, ó ti dé ìwọ̀n Sẹ́sííọ̀sì 55 sí 65 nìyẹn, ooru tó ń pa èso koríko àti ọ̀pọ̀ àrùn. Ẹ yí i padà nígbà tó bá ń tutù. Pòròpórò tí a kò rún máa wà níbẹ̀ títí òjò ọdún kejì, ikán ni yóò sì jẹ ẹ́ tán kí ilẹ̀ tó jẹ nínú rẹ̀.

Ṣé mo lè fi ṣe èédú?

Kùùkù àgbàdo dára fún un. Ẹ sun ún nínú dúrọ́ọ̀mù tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀ púpọ̀ títí yóò fi dúdú, ẹ rún un, ẹ fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí ẹ ti rò pò ó, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí, ẹ sá a. Bí ẹ kò bá sun ún kó dúdú kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, yóò jó, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ yóò lé ìyàwó yín jáde ní ilé ìdáná.

Èèpo kajú pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣé kí n jù ú sínú ẹ̀rọ?

Rárá o. Omi kan wà nínú èèpo kóró kajú tó ń bó èèyàn lára bí iná. Ẹ̀rọ tó bá rún un yóò fọ́n ọn sára ẹni tó dúró tì í. Ẹ̀ka kajú nìkan ni kí ẹ rún.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀rọ tí mo rà dára?

Ẹ má gba ẹ̀rọ tí wọ́n kàn tàn fún yín lófo. Ẹ gbé kílò 50 pàǹtí tiyín lọ, ẹ wo aago. Bó bá rún un tán ní ìṣẹ́jú 12, kílò 250 ló ń rún ní wákàtí kan. Ẹ wọn epo tó jẹ. Ẹ tún wọn ohun tó jáde, nítorí èyí tó fọ́n ká ilẹ̀ tàbí tó há sínú ti di àdánù. Ẹni tó fẹ́ ṣe ẹ̀rọ fún títà káàkiri lè bá iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìdọ̀fìàn, lẹ́bàá Ìlọrin, sọ̀rọ̀. Àyẹ̀wò irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà lára iṣẹ́ wọn. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Yunifásítì LAUTECH náà kò jìnnà sí wa.

Owó rẹ̀ ju agbára mi lọ. Ṣé a lè jọ rà á?

Ohun tí mo máa ń gbà wọ́n níyànjú nìyẹn. Ìlò rẹ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lọ́dún lóko ẹnì kan, lẹ́yìn ìkórè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó ní táyà méjì nídìí, kí ọ̀kadà oníkẹ̀kẹ́ mẹ́ta lè fà á. Pàǹtí fúyẹ́ ó sì gba àyè, owó ọkọ̀ tí ẹ ó fi kó o wá bá ẹ̀rọ yóò jẹ èrè rẹ̀ tán. Ẹ̀rọ ni kó máa lọ bá òkìtì.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tí yóò máa ra bẹ́líìtì àti ẹni tí yóò máa pọ́n ọ̀bẹ. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan lápá Ìkòyí-Ilé tí mo ṣe ẹ̀rọ fún, ọ̀bẹ wọn kú ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò sì sí ẹni tó gbà pé iṣẹ́ òun ni. Oṣù mẹ́rin ni ẹ̀rọ fi jókòó sábẹ́ igi. Ní báyìí, ọ̀bẹ ìpín méjì ni mo ń fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wà lára ẹ̀rọ, èkejì wà nílé akọ̀wé wọn, tí wọ́n ti fi epo pa, tí wọ́n sì fi àpò dì.